Ọ̀bẹ wo la máa fún ọmọ ọdún méje?

Ẹ jókòó o, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Iléyá tó kọjá, bọ̀ọ̀dá mi tó ń gbé London wálé sí Ìjẹ̀bú-Òde nítorí Ojúde Ọba. Gbogbo wa ló ra nǹkan fún. Ohun tó rà fún ọmọ àǹtí mi, ọmọ ọdún méje, ni ọ̀bẹ kékeré kan tó ń ká wọnú èèkù ara rẹ̀. Ọ̀bẹ àpò.

Ọmọ náà ò tíì ṣí i tán tí màmá mi fi já a gbà. "Ọ̀bẹ fún ọmọdé? Ọmọ tí ò tíì tẹ èèkù idà!" Bọ̀ọ̀dá ní àwọn ọmọ òyìnbó ń lò ó, kò sì sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Ariwo sọ.

Ìyá àgbà ò bá wọn jà. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ náà wá, wọ́n ṣí i, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, ó sì ká padà pàkà. Wọ́n ní, "Kò burú kí ọmọ ní ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ yìí gan-an ló burú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè, mo sì ń kàwé mọ́ ọn: ọ̀bẹ wo làwọn èèyàn wa ń fún ọmọdé láyé àtijọ́?

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, kí ọmọ Yorùbá tó mọ bá a ṣe ń mú ọ̀bẹ, abẹ ti kàn án lára. Olóòlà ló ń dá ọmọkùnrin lábẹ́, òun náà ló ń kọ ilà ojú, tí wọ́n á sì kán omi ìgbín sójú ọgbẹ́ kó lè tutù. Ìyá àgbà ní pélé lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ló wá sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ ilà sára ọmọdé mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwọn àgbà wa kì í jẹ́ kí irin súnmọ́ ọmọdé, ẹ bi í pé ta ló sọ fún un.

Ọ̀bẹ tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń kọ́kọ́ dì mú ńkọ́? Ní tiwa, ìdí ẹ̀gẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa o. Ilẹ̀ Brazil làwọn Potogí ti gbé e wá sí etíkun Áfíríkà. Àwọn Àgùdà tó padà dé láti oko ẹrú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tó jẹ́ kí gàrí gbilẹ̀. Àwa Ìjẹ̀bú wá gbà á, a jẹ́ kó kan dáadáa, a sọ ọ́ di tiwa. Ibi tí gàrí bá sì ti pọ̀, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n máa bó pọ̀ ju ọwọ́ àgbàlagbà lọ. Ó di dandan kí ọmọdé wá jókòó.

Ìyá àgbà ní wọn kì í ra ọ̀bẹ fún ọmọ. Ọ̀bẹ tí ìyá ti lò títí ni wọ́n ń fún un, èyí tí òkúta ìpọ́nbẹ ti jẹ tí kò fi gùn ju ìka lọ mọ́. Ṣóńṣó orí rẹ̀ á ti jẹ, kò lè gún ẹnikẹ́ni lójú. Èèkù rẹ̀ á ti dán, á ti bá ọwọ́ mu. Ṣùgbọ́n á mú o.

Ibí yìí ni màmá mi ti ta kò wọ́n. Wọ́n ní tó bá jẹ́ dandan, kí wọ́n fún ọmọ ní èyí tí kò mú. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni wàá bá a di àpá." Ẹ wò ó: èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ń yọ̀. Tí ọ̀bẹ ò bá mú, ọmọ á fi agbára tì í. Tó bá wá yọ̀, ọwọ́ kejì ló máa bá pàdé. Èyí tó bá mú kò fẹ́ agbára. Àgbàlagbà á gé ẹ̀gẹ́ náà, á fi ọ̀bẹ la èèpo rẹ̀ gbọọrọ. Ọmọ á ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ èèpo, á fi àtàǹpàkò ká a kúrò. Ìjókòó ni o, kò sí ìdúró, kò sí pé o mú ọ̀bẹ dání lọ mu omi. Nílé wa, a kì í na ọ̀bẹ síra wa. Wàá gbé e sílẹ̀, ẹnì kejì á mú un nílẹ̀. Èmi náà bá òfin yẹn ni, mi ò sì bèèrè ìdí rẹ̀ rí.

Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irin ò ṣàjèjì sí wa. Ẹ lọ wo Erédò Súngbọ́: yàrà tó gùn ju kìlómítà 160 lọ, tó jìn tó mítà 20 níbòmíràn. Èmi ò gbà pé igi ni wọ́n fi gbẹ́ irú ilẹ̀ yẹn. Títí di 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy ṣì kọ̀wé nípa ilé tí wọ́n ti ń yọ́ irin nítòsí Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ọjà òyìnbó ti ń wọlé látẹ̀yìn wá, àwọn Ìjẹ̀bú ló sì di ọ̀nà láti etí ọ̀sà sí òkè mú, títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi fi ìbọn já a gbà ní ogun Ìmágbọ̀n, 1892.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ní 1902, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ àpò kan ní Solingen, Jámánì, fún títà láwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn. Okapi ni wọ́n pè é, orúkọ ẹranko inú igbó Kóńgò. Láti 1988, South Africa ni wọ́n ti ń ṣe é. Bàbá àgbà ní ọ̀kan, ó ní òrùka lẹ́yìn. Tó bá ti ṣí, kò ní ká àfi téèyàn bá fa òrùka náà. Wọ́n fi ń bó ọsàn, wọ́n fi ń la obì. Àpá kan wà ní ìka wọn. Ọ̀bẹ àpò tí wọ́n ní ṣáájú rẹ̀, tí kò ní òrùka, ló ká mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ṣé ẹ ti rí ohun tí Ìyá àgbà rí báyìí?

Mo wá lọ wo òfin London. Láti 1988, téèyàn bá fẹ́ mú ọ̀bẹ àpò dání níta láìsí ìdí pàtàkì, ojú rẹ̀ ò gbọdọ̀ gùn ju ínṣì 3 lọ, ó sì gbọdọ̀ lè ká nígbàkigbà. Èyí tó bá ní ohun tó ń dì í mú, òfin ò gbà á. Ìdí rèé tí ọ̀bẹ bọ̀ọ̀dá mi fi ń ká. Àwọn ọlọ́pàá ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kì í ṣe ìka ọmọ ọdún méje. Lóòótọ́, òfin ibẹ̀ ò ní kí wọ́n má ta irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ṣùgbọ́n "gbogbo ọmọ òyìnbó ń lò ó" kọ́ nìyẹn o, bọ̀ọ̀dá!

Ní ilẹ̀ Faransé, ilé iṣẹ́ Opinel, tó ti ń ṣọ̀bẹ láti 1890, fi òrùka tó ń di ojú ọ̀bẹ mú sí i ní 1955. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún ọmọdé, ṣóńṣó rẹ̀ rí roboto. Bíi ti ọ̀bẹ tí òkúta ìpọ́nbẹ ti jẹ.

Ẹ má jẹ́ n gbàgbé: màmá mi kan náà tó ń pariwo yìí, réésà ló máa ń ṣẹ́ sí méjì fún mi ní pírámárì láti fi gbẹ́ pẹ́ńsù. Réésà tí Gillette ṣe fún irùngbọ̀n àgbàlagbà, tí kò ní èèkù rárá. Mo rán wọn létí. Wọ́n ní kí n kúrò níwájú àwọn.

Ìyá àgbà wá tú apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n yọ ọ̀bẹ kan tó ti jẹ kù díẹ̀. Èèkù rẹ̀ ti sán, mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan, ó fi igi míì sí i, ó fá a tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọwọ́ kékeré. Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ náà jókòó ti Ìyá àgbà. Kó tó bó ẹ̀gẹ́ mẹ́ta, àwọn tó kù ti bó kún agbada. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ka ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀bẹ London ṣì wà nínú àpótí wọn. Bọ̀ọ̀dá ní kí n máa bá òun fi epo pa á, kó má dógùn-ún.