Létà Tí Kò Gbọdọ̀ Jáde Nílé: Ìtàn Ìfìwéránṣẹ́ Abẹ́lé Nínú Kọ̀ǹpútà

Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé létà abẹ́lé ṣáájú létà ìdálẹ̀ nínú ìtàn kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ònkọ̀wé a máa bẹ̀rẹ̀ láti 1971, nígbà tí Ray Tomlinson fi létà ránṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n ní 1965, ní MIT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Tom Van Vleck àti Noel Morris ti kọ ètò MAIL fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò.

Unix tẹ̀lé àṣà yìí. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ di akọ̀wé: bí cron bá parí iṣẹ́ tí a dá àkókò fún, a kọ àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà. Akéde ìlú ni a lè fi ṣe àpèjúwe èyí. Bí akéde bá lu agogo ní Ìlobù pé kí ará ìlú jáde wá yẹ ọ̀nà odò, Ìfọ́n tí ó múlé tì í lè gbọ́ agogo náà. Síbẹ̀, kì í ṣe Ìfọ́n ni a ń bá wí.

Sendmail, tí Eric Allman kọ ní Berkeley, tí ó sì bá 4.2BSD jáde ní 1983, ni ó da iṣẹ́ ilé àti ti òde pọ̀ sọ́wọ́ òjíṣẹ́ kan. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá 1988, ètò ajọra-kòkòrò kan gba ẹnu ọ̀nà sendmail, láàrin àwọn ọ̀nà mìíràn, wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ.

Postfix ti Wietse Venema, tí ó jáde ní 1998, ni a óò fi ṣàlàyé àtúnṣe. Bí a bá kọ inet_interfaces = loopback-only, ẹ̀rọ kò ní í gba létà lọ́wọ́ ará òde mọ́. Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn, nítorí ilẹ̀kùn àbáwọlé nìkan ni ó tì; default_transport = error ni ó ń dá létà tí ń lọ sí òde padà. Èyí tí ó sì ṣe kókó jù ni orúkọ. Létà tí a kọ sí root lásán, Postfix yóò fi orúkọ tí ó wà nínú myorigin kún un. Bí orúkọ náà kò bá sí nínú mydestination, ẹ̀rọ yóò ka ará ilé rẹ̀ sí àlejò, yóò sì gbìyànjú láti gbé àṣírí ilé lọ sí ìta. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ alábòójútó ti ń ṣìnà.

Ó ku ẹni tí yóò ka létà. Nínú /etc/aliases ni a ti ń kọ orúkọ ẹni tí yóò máa gba ti root, kí a tó pa àṣẹ newaliases. Bí a kò bá ṣe é, ìkìlọ̀ pé dísìkì fẹ́ bàjẹ́ lè wà nínú /var/mail fún oṣù mẹ́fà láìsí ẹni tí ó ṣí i, títí dísìkì náà yóò fi kú.