Owó Ìrànwọ́ Ìjọba Amẹ́ríkà fún Ọgbọ́n Àtọwọ́dá nínú Nẹ́tíwọ̀kì Aláìlówáyà

Owó ìrànwọ́ ìjọba fún ọgbọ́n àtọwọ́dá nínú nẹ́tíwọ̀kì aláìlówáyà ni owó tí ìjọba ń fún yunifásítì àti iléeṣẹ́, tí wọn kì í dá padà, kí wọ́n lè fi kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe máa darí ìgbì rédíò tó ń gbé ọ̀rọ̀ àti dátà kiri. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba àpapọ̀ mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí: NSF tó ń ṣagbátẹrù ìwádìí sáyẹ́ǹsì, DARPA tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ààbò, àti NTIA tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìṣòwò.

Ohun tó fà á

Ìgbì rédíò ní ìwọ̀n. Fóònù, Wi-Fi, rédà ọkọ̀ òfuurufú àti rédíò àwọn ológun ló jọ ń lò ó, bí ẹ̀rọ méjì bá sì sọ̀rọ̀ papọ̀ lórí ìgbì kan náà, wọ́n á da ara wọn rú. Ìjọba ti ń pín ìgbì yìí tipẹ́ bí ẹni ń pín ilẹ̀ oko: kálukú ní ààlà tirẹ̀, bó dáko, bí kò dáko. Ọgbọ́n àtọwọ́dá lè jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ mọ ibi tó ṣófo, kó lò ó, kó sì tètè kúrò níbẹ̀ bí onílé bá dé. Ó tún lè mọ ìgbà tí èrò yóò pọ̀ lórí òpó nẹ́tíwọ̀kì kan, kó pa apá kan òpó náà ní òru kí iná má baà ṣòfò, tàbí kó fura sí ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ dí ìgbì lọ́wọ́.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó so èso, àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ kan díje sì lè jàǹfààní rẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí owó ìjọba fi ṣe pàtàkì níbẹ̀.

Ìdíje DARPA

Ní ọdún 2016, DARPA bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tó ń jẹ́ Spectrum Collaboration Challenge. Wọ́n ní kí àwọn ẹgbẹ́ tó kópa ṣe rédíò tó lè bá rédíò àjèjì pín ìgbì láìsí pé ènìyàn ń darí rẹ̀. Òfin ìdíje náà kò fàyè gba ìmọtara-ẹni-nìkan: máàkì ẹgbẹ́ kan so mọ́ bí ti àwọn yòókù bá ṣe dára tó. GatorWings láti Yunifásítì Florida ló gba ipò kìíní ní Los Angeles ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, wọ́n sì gba ẹ̀bùn mílíọ̀nù 2 dọ́là.

Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ṣe ìdíje náà, Colosseum, tó lè ṣe àfarawé ìgbì láàárín rédíò 256, kò parẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí Yunifásítì Northeastern ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, níbi tí àwọn olùwádìí mìíràn ti ń lò ó.

Owó NSF

NSF àti àwọn iléeṣẹ́ aládàáni jọ dá mílíọ̀nù 100 dọ́là sí ètò PAWR, tó kọ́ ibi ìdánwò sí ìlú àti ìgbèríko gidi: POWDER ní Salt Lake City, COSMOS ní Harlem ní New York, AERPAW fún dúróònù ní North Carolina, àti ARA fún ìgbèríko ní Iowa.

Ní ọdún 2021, àjọ náà fún Yunifásítì Ohio State àti Yunifásítì Duke ní mílíọ̀nù 20 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan, fún ọdún márùn-ún. Ohio State dá ibùdó ìwádìí AI-EDGE sílẹ̀, Duke dá Athena sílẹ̀. Iṣẹ́ AI-EDGE ní ojú méjì: bí ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe lè tún nẹ́tíwọ̀kì ṣe, àti bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe lè gbé ọgbọ́n àtọwọ́dá dé ọ̀dọ̀ aráàlú. Lọ́dún yẹn kan náà ni ètò NSF mìíràn tó ń jẹ́ RINGS bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó tó lè tó mílíọ̀nù 1 dọ́là fún iṣẹ́ ìwádìí kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ mẹ́sàn-án, lára wọn Apple, Google, Ericsson àti Nokia, dá sí i.

Owó NTIA

Òfin CHIPS and Science, tí Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ya bílíọ̀nù 1.5 dọ́là sọ́tọ̀ fún nẹ́tíwọ̀kì aláìlówáyà, kí NTIA pín in. Èròǹgbà owó náà ni láti gbé Open RAN lárugẹ, ìyẹn ètò tó jẹ́ kí iléeṣẹ́ ra apá òpó lọ́dọ̀ oríṣiríṣi ọlọ́jà dípò ẹyọ kan ṣoṣo. Ètò yìí ló ṣílẹ̀kùn fún ọgbọ́n àtọwọ́dá, torí sọ́fítíwíà ẹlòmíràn lè wọlé darí òpó. Àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ gba owó ní ọdún 2023 ni Yunifásítì New York, Northeastern àti DeepSig, iléeṣẹ́ tó ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣiṣẹ́ lórí ìgbì rédíò.

Bí owó náà ṣe ń débẹ̀

Àjọ á kéde, olùwádìí á kọ àbá pẹ̀lú ìṣirò owó, àwọn onímọ̀ á sì yẹ̀ ẹ́ wò. NSF ń béèrè ohun méjì: ṣé ìmọ̀ tuntun wà níbẹ̀, kí sì ni àǹfààní rẹ̀ fún àwùjọ? Yunifásítì tàbí iléeṣẹ́ ni wọ́n ń san owó náà fún, kì í ṣe àpò olùwádìí. Láti ìgbà òfin Bayh-Dole ti ọdún 1980, yunifásítì lè di ẹni tó ni ohun tí wọ́n bá fi owó náà ṣàwárí, ṣùgbọ́n ìjọba náà lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó.

Awuyewuye

Pẹ̀lú gbogbo owó yìí, àwọn ọlọ́jà ńlá tó ń ta ohun èlò nẹ́tíwọ̀kì kò tíì fi ipò sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, iléeṣẹ́ fóònù AT&T kéde àdéhùn Open RAN tó lè súnmọ́ bílíọ̀nù 14 dọ́là pẹ̀lú Ericsson, tó ti wà lára àwọn ọ̀gá ọjà náà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejì tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ tí AT&T àti Verizon, iléeṣẹ́ fóònù mìíràn, ń darí gba mílíọ̀nù 42 dọ́là lọ́wọ́ NTIA láti kọ́ ibi ìdánwò. Ohun tí owó ìjọba ti rà dájú títí di àkókò yìí ni ibi ìdánwò àjọlò àti àwọn onímọ̀ tó ń ti ibẹ̀ jáde; agbára rẹ̀ lórí ọjà ṣì kéré.