Ogun Hitler ní Abà Àgbẹ̀: Ìgbésí-Ayé ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Agbègbè Ìbàdàn, 1939 sí 1945

Ìfáàrà

Bí wọ́n bá dárúkọ Ogun Àgbáyé Kejì, ohun tí ó sábà máa ń wá sí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ ni ìbọn, ọkọ̀ òfurufú àti àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n lọ jà ní Bọ́mà. Ṣùgbọ́n ogun kì í ṣe ti ológun nìkan. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú. Ogun tí àwọn àgbà ń pè ní Ogun Hitler kò gbé ìbọn dé Ẹ̀gbẹ́dá. Inú ìkòkò ọbẹ̀, inú fìtílà àti orí òṣùwọ̀n kòkó ni ó gbà wọlé. Àwọn tí wọ́n wà nílé pàápàá san nínú owó ogun náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí pé wọ́n san án.

Kí Ogun Tó Dé

Ẹ̀gbẹ́dá wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Òun àti àwọn abúlé bí Ẹ̀rúnmu jẹ́ oko fún àwọn ará Ìbàdàn: agbo-ilé wọn wà nígboro, iṣẹ́ wọn sì wà ní abà. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni kòkó ti ń gbilẹ̀ ní ẹ̀yìn Ìbàdàn. Àwọn ọkùnrin ń tọ́jú kòkó, wọ́n ń gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Àwọn obìnrin ń fún epo, wọ́n ń pa ẹkùrọ́, wọ́n ń yan gààrí, wọ́n sì ń ṣe àjàpá. Owó tí kòkó àti ẹkùrọ́ bá mú wá ni wọ́n fi ń san owó orí, òun náà ni wọ́n sì fi ń ra iyọ̀, kẹrosíìnì, ìṣáná, àdá àti aṣọ òyìnbó.

Jámánì gan-an wà nínú òwò yìí. Ó wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ra kòkó àti ẹkùrọ́ Nàìjíríà. Ní Hamburg, wọ́n a máa fún àdín inú ẹkùrọ́, wọ́n a sì fi ṣe ohun tí àwọn ará ìlú ń fi sí búrẹ́dì dípò bọ́tà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, ilẹ̀kùn ọjà yẹn tì.

Òṣùwọ̀n Kòkó

Kí kòkó má baà bàjẹ́ mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà láti ra gbogbo rẹ̀. Ní 1940, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ń ṣàkóso kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1942, wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú kí ó lè máa ṣàkóso ẹkùrọ́, epo pupa àti ẹ̀pà pẹ̀lú. Àwọn ilé-iṣẹ́ bí UAC àti John Holt ni ń bá ìgbìmọ̀ náà rà á, ìjọba ni ó sì ń dá iye owó lé e.

Ó yẹ kí á sọ òtítọ́ pé ètò yìí ní oore tirẹ̀. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ti Jámánì ń rì ọkọ̀ ojú omi, àyè ẹrù kò sì tó. Bí kò bá sí olùrà kan tí ó dájú, ọ̀pọ̀ kòkó ni ìbá rà sí abà. Ṣùgbọ́n iye tí àgbẹ̀ ń gbà kéré sí iye tí wọ́n ń ta kòkó náà lókè òkun. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tuntun fún títa kòkó Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947, èrè tí ó ti gbá jọ tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́ lé ní 8 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Wọn kò pe owó yìí ní owó orí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò bi àgbẹ̀ kankan léèrè kí wọ́n tó yọ ọ́. Láti orí òṣùwọ̀n ni ó ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba.

Ẹkùrọ́ àti Iyọ̀

Ní oṣù kejì ọdún 1942, Jàpáànì gba Singapore lẹ́yìn tí ó ti gba Malaya. Bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà àti epo tí Gẹ̀ẹ́sì ń rí ní ìhà ibẹ̀ ṣe bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì yíjú sí Nàìjíríà. Ní Jọ́ọ̀sì, ìjọba fi ipá kó àwọn ènìyàn tí wọ́n lé ní 100,000, tí èyí tí ó pọ̀ jù lára wọn jẹ́ ará Àríwá, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa tánńganran. Ní ẹkùn ọ̀pẹ, ìjọba ń ké sí àwọn ará abúlé láti mú ẹkùrọ́ wá sí i. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe kékeré. Obìnrin yóò jókòó ti òkúta, yóò máa fi òkúta mìíràn pa ẹkùrọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ yóò sì máa ṣa ọmọ inú rẹ̀ kúrò lára èésan. Ẹkùrọ́ tí ìbá lọ sí Hamburg tẹ́lẹ̀ ti wá di ti àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, tí ìjọba wọn ń díwọ̀n bọ́tà àti ẹran fún.

Ẹni tí ó ń pa ẹkùrọ́ yìí kò rí iyọ̀ rà bí ó ti yẹ. Ọkọ̀ ojú omi ni ń kó iyọ̀ wá láti Liverpool, ọkọ̀ sì ti wọ́n. Nígbà tí kẹrosíìnì wọ́n, wọ́n lè padà sí fìtílà elépo àti ògùṣọ̀. Nígbà tí aṣọ òyìnbó wọ́n, kíjìpá wà nílé. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó jìnnà sí òkun kò ní ohun tí yóò fi rọ́pò iyọ̀. Kò yani lẹ́nu pé nígbà tí òpìtàn ọmọ Ìbàdàn nì, Toyin Falola, kọ̀wé lórí ọ̀wọ́n iyọ̀ ìgbà náà, ó fi iyọ̀ wé wúrà nínú àkọlé rẹ̀.

Gààrí àti Òfin Ọjà

Oúnjẹ tí ń ti abúlé lọ sí Èkó náà bọ́ sábẹ́ òfin. Kápúténì A. P. Pullen ni ìjọba fi ṣe alákòóso iye owó oúnjẹ. Wọ́n dá owó lé gààrí, ṣùgbọ́n owó náà kò tó iye tí alájàpá fi ń rà á àti èyí tí ó fi ń gbé e. Gààrí wá kúrò lójú ọjà, ó wọ ọjà abẹ́lẹ̀. Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, kọ ètò náà, kò sì gbà láti bá ìjọba mú un ṣẹ. Ní 1945 ni ìjọba pa á tì.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ibí àti Jámánì yẹ ní àkíyèsí. Ní Jámánì, láti ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1939 ni ará ìlú ti ń fi káàdì ra oúnjẹ. Ìyà bọ́ǹbù tí ó jẹ Hamburg ní oṣù keje ọdún 1943, èyí tí ó pa àwọn ènìyàn tí wọ́n lé ní 30,000, kò ṣe é fi wé ti Ẹ̀gbẹ́dá. Ṣùgbọ́n apá kan nínú oúnjẹ orí káàdì wọn, ilẹ̀ Poland àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ṣẹ́gun ni wọ́n ti kó o, níbi tí ebi ti ń pa àwọn onílẹ̀. Ní abúlé Ìbàdàn, kò sí bọ́ǹbù, kò sì sí káàdì. Òfin ń sọ iye tí wọn yóò ta nǹkan, kò sọ ibi tí wọn yóò ti rí èyí tí wọn yóò rà. Ní ibi méjèèjì, ọrùn ẹni tí kò ní ohùn nínú ìjọba ni ẹrù wúwo lé jù.

Ohun Tí Ogun Fi Sílẹ̀

Àwọn ará ìlú kò mú un mọ́ra títí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n lé ní 30,000 da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé owó oṣù kò ká ọ̀wọ́n ọjà mọ́. Michael Imoudu wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ní Abẹ́òkúta, ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà nígbà ogun wà lára ohun tí ó kó wọn jọ sẹ́yìn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ní Ìbàdàn, ilé-ìwòsàn àwọn ológun ní Ẹlẹ́yẹlé ni Yunifásítì Kọ́lẹ́jì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948.

Ní ti àgbẹ̀, ogun parí, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ogun kò parí. Ìjọba ṣì ń dá iye owó lé kòkó, ó sì ń tọ́jú èrè rẹ̀. Nígbà tí Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní ẹ̀yìn Ìbàdàn ní 1968 àti 1969, owó orí àti owó kòkó wà lára ohun tí wọ́n ń bá ìjọba fà.

Àgbálọgbábọ̀

Bí wọ́n bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé àwọn wo ni wọ́n ja Ogun Hitler ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ó dárúkọ àwọn ọmọ-ogun tí wọ́n lọ sí Bọ́mà, nítorí ó tọ́ sí wọn. Lẹ́yìn náà, kí ó má gbàgbé àgbẹ̀ tí ó gbé kòkó sórí òṣùwọ̀n tí kò mọ ẹni tí ó ni ín, àti obìnrin tí ó jókòó ti òkúta, tí ó ń pa ẹkùrọ́ fún búrẹ́dì ẹlòmíràn, tí ọbẹ̀ tirẹ̀ kò sì ní iyọ̀.