Ìtọ́jú Ẹ̀yìn Ríro ní Ìkòsì: Láti Ọwọ́ Teegunteegun dé Chiropractic

Ní Ìkòsì, iṣẹ́ ni ó sábà máa ń fa ẹ̀yìn ríro, ọrùn gígan àti oríkèé líle kí ọjọ́ orí tó dá sí i. Àdúgbò náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996, ọjà Mile 12 ló sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Tírélà ń kó tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu wọ ibẹ̀ láti òkè Ọya, orí àti ẹ̀yìn ènìyàn ni púpọ̀ nínú ẹrù náà sì ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Alábàárù á ká òṣùká lé orí, àwọn méjì á gbé àpò rù ú, ó di eré àárín ọjà. Ní 1967, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ dámọ̀ràn pé kí ẹrù tí àgbàlagbà ọkùnrin kan ń rù má ju 55 kílò lọ. Àpò àlùbọ́sà kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣa tòmátì wà ní bíbẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, awakọ̀ dánfó sì jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Ìkòròdú fún wákàtí púpọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ń tọ́jú irú ara ríro bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ: wíwọ́ra inú ilé wà, títo eegun wà, físíò (physiotherapy) ilé ìwòsàn wà, chiropractic, ìyẹn fífi ọwọ́ tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn, tó ti Amẹ́ríkà wá náà sì wà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé kò jọra, ṣùgbọ́n ohun kan so ìtàn wọn pọ̀: bí ọwọ́ bá ṣe mọ ibi tó yẹ kó dúró tó ni àwọn ènìyàn ṣe ń fọkàn tán an tó.

Ilé ni ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀, láti ọjọ́ tí ọmọ ti dáyé. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ tuntun a máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti àdín wọ́ ọ lára, a máa na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì máa tẹ oríkèé rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè já gaara. Wọn a tún máa fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná jó ìyá ọmọ náà níkùn àti ní ìbàdí. Fún àgbàlagbà tó ti oko tàbí ọjà dé, òrí tí wọ́n yọ́ lórí iná ni wọ́n fi ń wọ́ ẹ̀yìn àti orúnkún. Ọmọ kékeré náà lè gun ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ kó máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ìrora náà bá ti di làkúrègbé, àgbo ló kàn, tàbí kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí ojú ibi tó ń dùn. Àǹfààní ooru àti wíwọ́ra kò fara sin: iṣan tó ti le máa ń dẹ̀, ìrora a sì rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn oníṣègùn òde òní pàápàá ṣì ń gba aláìsàn nímọ̀ràn pé kó lò wọ́n.

Bí eegun bá ṣẹ́ tàbí tí oríkèé bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ará ilé, ó di ti teegunteegun. Iṣẹ́ ìdílé ni, ọmọ ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ bàbá. Teegunteegun á fi ìka wá ojú ibi tó ṣẹ́, á fà á kó lè tọ́, á fi òrí tàbí ewé gígún lé e, á wá fi pẹlẹbẹ ọparun àti okùn dì í. Ọfọ̀ lè bá iṣẹ́ náà rìn. Níbòmíràn, wọn a ṣẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀, wọn a tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn, ọjọ́ tí adìẹ náà bá ń rìn dáadáa ni wọ́n ń tú ìdè ẹsẹ̀ ènìyàn. Àwọn kan nínú wọn tún ń fa ọrùn àti ẹ̀yìn tó ń ro, bí kò tilẹ̀ sí eegun tó ṣẹ́ níbẹ̀. Owó tó mọ níwọ̀n, àyè tó súnmọ́ ilé àti ìbẹ̀rù pé wọ́n á gé ẹsẹ̀ nílé ìwòsàn ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ dá lọ́dọ̀ wọn. Ibi tí iṣẹ́ náà ti mẹ́hẹ ni dídì tó bá le jù: ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá, ẹran ara á kú, gígé tí aláìsàn ń sá fún á sì wá di dandan. Àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun ní Èkó àti Ìbàdàn ti kọ̀wé lórí irú ìpalára yìí léraléra. Ní 1980, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó dá ìgbìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ lè máa forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin.

Mile 12 tún mú àṣà mìíràn súnmọ́ ará Ìkòsì. Láàárín àwọn Haúsá, onígbàjámọ̀ tí wọ́n ń pè ní wanzami a máa fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ ní èjìká àti ẹ̀yìn tó ń ro. Abẹ ni wọ́n fi ń sín ojú ibẹ̀, nítorí náà abẹ tuntun ló yẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí àrùn tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ràn.

Ogun Àgbáyé Kejì ló bí ìtọ́jú físíò ní Èkó. Àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nílò ibi tí wọ́n ti máa kọ́ ìrìn àti iṣẹ́ padà, Igbobi ni wọ́n sì ti rí i, ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú kan náà tó lọ sí Kétu àti Mile 12. Ibẹ̀ di ilé ìwòsàn eegun ní 1945. Àwọn oníṣẹ́ físíò méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà kí wọ́n lè máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ físíò dìde ní 1959. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ oyè. Ní 1988, òfin ìjọba àpapọ̀ dá ìgbìmọ̀ tó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ sílẹ̀. Ọwọ́ ṣì ni irinṣẹ́ pàtàkì nínú físíò, ṣùgbọ́n ó ń bá dókítà, àwòrán X-ray àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́. Kí ó tó fa ẹ̀yìn kan, ó ti ní ọ̀nà láti mọ̀ bóyá ẹ̀yìn náà ṣeé fà.

Òyìnbó náà ní teegunteegun tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1736, òkìkí Sarah Mapp, tó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, kàn láti Epsom dé Lọ́ńdọ́nù. Chiropractic jọ irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Daniel David Palmer, tí wọ́n bí ní Kánádà ní 1845, ń fi ọwọ́ wo aláìsàn ní ìlú Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Ní September 1895, ó tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn Harvey Lillard, aláwọ̀ dúdú tó ń tọ́jú ilé tí yàrá iṣẹ́ Palmer wà. Etí Lillard ti di fún ọdún púpọ̀. Ó ní òun lọ́ ara níbi tóóró kan, nǹkan dún lẹ́yìn òun, láti ìgbà náà lòun kò ti gbọ́ràn dáadáa mọ́. Palmer kéde pé etí náà là. Ní 1897 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì ń kọ́ni pé nínú 100 àìsàn, 95 ló ti inú eegun ẹ̀yìn tó yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀ wá.

Àsọdùn yẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Ní 1906 wọ́n sọ Palmer sẹ́wọ̀n nítorí pé ó ń ṣe iṣẹ́ ìṣègùn láìní ìwé àṣẹ. Kansas ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó ṣòfin gbe chiropractic, ní 1913; Louisiana ló kẹ́yìn, ní 1974. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń gbógun ti iṣẹ́ náà, wọ́n sì kà á léèwọ̀ fún dókítà láti bá àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ da ọwọ́ pọ̀. Chester Wilk, oníṣẹ́ chiropractic, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹgbẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ ní 1976. Ní 1987, Adájọ́ Susan Getzendanner dájọ́ pé ẹgbẹ́ náà rú òfin tó de ìdíje òwò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 1994, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì gbé ìlànà jáde ní 2005 lórí ẹ̀kọ́ àti ààbò iṣẹ́ náà. Láàárín àkókò kan náà, púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ yìí pa ẹ̀kọ́ Palmer nípa gbogbo àìsàn tì, wọ́n gbájú mọ́ ẹ̀yìn, ọrùn àti oríkèé. Bí wọ́n ti ń dín ohun tí wọ́n ń ṣèlérí kù ni etí ń ṣí sí wọn.

Ní Áfíríkà, Durban àti Johannesburg ní South Africa ni yunifásítì ti ń kọ́ni níṣẹ́ chiropractic. Àwọn tó ń ṣe é ní Nàìjíríà kò pọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀yìn ń ro ní Ìkòsì yóò tètè rí oníṣẹ́ físíò ju oníṣẹ́ chiropractic lọ. Àwọn oníṣẹ́ físíò tó kọ́ fífa oríkèé náà sì ń ṣe irú ìtọ́jú yìí, ìlànà rẹ̀ kò sì yàtọ̀ púpọ̀.

Ẹnu ni ìtọ́jú ń ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣẹ́ tó mọṣẹ́, ọwọ́ ló ń tẹ̀ lé e. Yóò bi aláìsàn ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀, irú iṣẹ́ tó ń ṣe, bóyá ó ṣubú, bóyá ìrora ń gba ẹsẹ̀ lọ, àti àwọn àìsàn mìíràn tó ní. Lẹ́yìn náà yóò ní kó tẹ̀ síwájú, kó yí ọrùn, kó dùbúlẹ̀ kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè ní títọ́. Yóò fi ìka tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò pọn dandan kí gbogbo ẹlẹ́yìn ríro ya X-ray. Ìtọ́jú gan-an lè jẹ́ wíwọ́ iṣan, fífa oríkèé díẹ̀díẹ̀, tàbí títì kan tó yá kánkán tí kò jìnnà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni oríkèé ti máa ń dún. Ìró náà kò túmọ̀ sí pé eegun tó yẹ̀ ti padà sáyè: bí ojú oríkèé bá là lójijì, àyè afẹ́fẹ́ máa ń yọ nínú omi tó wà láàárín rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùwádìí ní Kánádà ti fi ẹ̀rọ MRI rí i nínú oríkèé ìka ní 2015. Ìtọ́jú tí kò dún lè ṣe bákan náà lóore. Ara lè ro aláìsàn fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó sì yẹ kó bá eré ìdárayá kéékèèké lọ sílé. Bí ìyàtọ̀ kò bá sí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àyẹ̀wò ló yẹ kí wọ́n tún ṣe, kì í ṣe kí wọ́n kàn máa ṣètò ọjọ́ ìtọ́jú kún ọjọ́ ìtọ́jú.

Èrè ìtọ́jú náà mọ níwọ̀n. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé 619 mílíọ̀nù ènìyàn ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń ro ní 2020. Nínú ìlànà tí àjọ náà gbé jáde ní December 2023 fún ìrora tó pẹ́ lára, títì àti fífa ọ̀pá ẹ̀yìn àti wíwọ́ra wà lára ohun tí a lè lò, pẹ̀lú eré ìdárayá àti ìlanilọ́yẹ̀. Ìrora tuntun ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà kan, àwọn dókítà máa ń ní kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 1986 fi hàn pé ẹni tí wọ́n ní kó sinmi fún ọjọ́ méjì padà sẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú ẹni tí wọ́n ní kó sinmi fún ọjọ́ méje, ara tèkejì kò sì yá ju tèkínní lọ. Láti ìgbà náà, ìrìn díẹ̀díẹ̀ ló gba ipò ìdùbúlẹ̀. Ní ti ìtọ́jú ikọ́ fée, etí dídi tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sí ẹ̀rí tó múná dóko pé títẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ń wò wọ́n sàn.

Àwọn ẹ̀yìn kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fà. Bí ojú ara tàbí àárín itan bá kú tìpìrì, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò bá ṣeé dá dúró mọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ, ilé ìwòsàn ni kí aláìsàn gbà lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ríro tó bá ibà, òógùn òru àti ara jíjoro wá lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti wọ ọ̀pá ẹ̀yìn, àrùn tó ṣì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Eegun àti oríkèé ríro jẹ́ ara ìyà tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń fi jẹni, eegun ìbàdí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè ti bàjẹ́ láti inú. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí, àgbàlagbà tí eegun rẹ̀ ti ń tètè ṣẹ́, àti ẹni tó já bọ́ láti orí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ọwọ́ tó kàn án. Yíyí ọrùn lójijì ní ewu tirẹ̀: kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti so ó mọ́ yíya òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ, èyí tó lè fa rọpárọsẹ̀. Nítorí náà, onígbàjámọ̀ tó ń yí ọrùn oníbàárà lẹ́yìn tó fá orí rẹ̀ tán ń fi nǹkan ńlá ta tẹ́tẹ́.

Fún ará Ìkòsì, ọ̀nà tó tọ́ kò ṣòro láti tò. Ooru, wíwọ́ra àti ìrìn ló kọ́kọ́ yẹ fún ìrora tuntun tí kò ní àmì ewu. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ilé ìlera alábọ́ọ́dé ló kàn, kí wọ́n lè darí aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Gbàgádà, tó wà ní Kosofe bákan náà, tàbí sí Igbobi. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìtọ́jú chiropractic tàbí físíò lọ́dọ̀ aládàáni, ìwé àṣẹ ni kó kọ́kọ́ béèrè. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú kankan kò lè borí àpò tó wúwo jù tí ń padà sórí ọrùn kan náà lójoojúmọ́. Pípín ẹrù sí méjì, fífi ọmọlanke tì í, gbígbé tábìlì kalẹ̀ fún ẹni tó ń ṣa tòmátì, àti kí awakọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ na ara láàárín ìrìn àjò ń gé ìrora náà láti orísun rẹ̀.