Posada: Orin Ẹni tí ń Wá Ibi Wọ̀ Sí ní Mẹ́síkò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Òwe yìí bá posada mu, àṣà tí àwọn ará Mẹ́síkò máa ń ṣe fún òru mẹ́sàn-án, láti ọjọ́ 16 títí di ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá. Ìtumọ̀ posada ní èdè Sípéènì ni ilé tí èrò ń wọ̀ sí.

Kí àwọn ará Sípéènì tó ṣẹ́gun ìlú Tenochtitlan ní ọdún 1521, àwọn Mexica a máa ṣe ọdún ńlá fún Huitzilopochtli, òrìṣà oòrùn àti ogun, ní àsìkò tí ọ̀sán máa ń kúrú jù lọ. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì fẹ́ fi ọdún tiwọn rọ́pò rẹ̀. Diego de Soria, àlùfáà ẹgbẹ́ Augustine ní Acolman, tọrọ àyè lọ́wọ́ Póòpù Sixtus Karùn-ún. Ní nǹkan bí ọdún 1587, a yọ̀ǹda kí wọ́n máa ṣe Máàsì mẹ́sàn-án ṣáájú Kérésìmesì.

Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àgbàlá ìjọ kò dúró síbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó bọ́ sí àdúgbò, tí ó sì di ti ìdílé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tọmọdé tàgbà a mú àbẹ́là dání, wọn a gbé ère Jósẹ́fù àti Màríà, wọn a sì máa lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn tí ó wà lóde a fi orin bẹ̀bẹ̀ fún ibi tí wọn yóò sùn. Àwọn ti inú ilé a fi orin lé wọn, wọn a ní ó lè jẹ́ olè ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí onílé bá mọ ẹni tí àlejò náà í ṣe, ohùn rẹ̀ a yí padà, ilẹ̀kùn a ṣí, gbogbo wọn a sì jùmọ̀ kọ orin ìkíni káàbọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ayọ̀ àwọn ọmọdé ń bẹ̀rẹ̀. A ó fi aṣọ di ọmọ kan lójú kí ó fi igi lu piñata tí a so rọ̀. Ìkòkò amọ̀ ni ti àtijọ́, tí a fi bébà aláràbarà ṣe bí ìràwọ̀ oníṣóńṣó méje, èyí tí ó dúró fún olórí ẹ̀ṣẹ̀ méje. Bí ó bá fọ́, ẹ̀pà, ìrèké àti ọsàn a dà sílẹ̀.

Ilé tí ń gba àlejò lónìí lè jẹ́ èrò lóde lọ́la, nítorí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sábà máa ń lò lálaalẹ́. Báyìí ni ọmọ ṣe ń kọ́ orin ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ àti orin ẹni tí ń kọ̀. Ní àwọn ọdún 1990 ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin yìí sí ara wọn láti ìhà méjèèjì odi ààlà tí ó wà láàárín Tijuana àti San Diego. Níbẹ̀, orin a dé ìparí, ilẹ̀kùn kò sì ní ṣí. Ìgbà náà ni ìtumọ̀ posada máa ń hàn kedere: ẹni tí ó bá ti kọ orin àlejò rí kò gbọdọ̀ gbàgbé bí ìta ṣe tutù tó.