Ìkelòó Ni Wọ́n Mú Un? Àròkọ Lórí Èdè Ìṣàmú Nínú Họ́kì Orí Yìnyín

Inú máa ń bí mi tí mo bá rí i pé èdè wa ní ohun tí ẹnìkan ń wá, tí onítọ̀hún kò sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo ka ìtumọ̀ kan lórí Jarome Iginla, ògbóǹtarìgì nínú họ́kì orí yìnyín ní Kánádà. Yorùbá láti Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Igi ńlá ló wà nínú orúkọ ìdílé wọn, Adékúnlé sì wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n sọ Jarome fúnra rẹ̀. Ògbufọ̀ náà kọ ọ́ pé ní ọdún 1995, wọ́n “fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkọ́kọ ní ipò kọkànlá”. Kò sí ìwé àkọ́kọ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, “draft”, tó ní ìtumọ̀ bíi mẹ́rin ni ògbufọ̀ rí, ó sì mú èyí tí kò kàn án.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní NHL, líìgì họ́kì ńlá ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, máa ń pàdé láti pín àwọn ọ̀dọ́ agbáhọ́kì láàárín ara wọn. Ní Montreal ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Lóde òní ẹgbẹ́ 32 ló wà, ìpele méje ni wọ́n ń pín in sí, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ 224. Nílé tiwa, bí a bá pín ẹran, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Tiwọn yàtọ̀: ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi ní sáà tó kọjá ló ń wà níwájú, kí ó lè rí ẹni tí yóò gbé e dìde. Láti 1995 ni wọ́n ti ń ṣẹ́ gègé lé e lórí, kí ẹgbẹ́ kankan má baà mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù nítorí àtikọ́kọ́ mú.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan kò le. Họ́kì ni họ́kì, góòlù ni góòlù, líìgì ni líìgì. Aṣọ́lé wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Pọ́ọ̀kì, rọ́bà pẹlẹbẹ dúdú tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, kí a yá orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà. Èmi ò sí lára àwọn tó fẹ́ ká ṣẹ̀dá orúkọ gígùn fún gbogbo ohun tí a fi ọwọ́ kàn. Ohun tí ojú rí tó ti òkèèrè wá, kó máa jẹ́ orúkọ tó gbé wá. Ibi tí a ti ń ronú, tí a ń kà, tí a ń fi ohun kan wé èkejì, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí Yorùbá dá dúró.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpàdé ìpín yẹn. Àwọn kan ní ká pè é ní ìyànsípò. Mi ò gbà. A máa ń yan ọba, a máa ń yan alága: ẹni tí a yàn, orí àga la gbé e sí. Ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ ń pín yìí kò tíì ní àga kankan. Ṣà ló yẹ iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ni. Tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ á gòkè sí àárín, à ń ṣa ẹ̀wà, à ń ṣa ewé. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì tún yọjú nínú àṣàyàn. Ohun púpọ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí a tó lè ṣà. Ojú ló ń ṣà kí ọwọ́ tó kàn án. Àmọ́ ṣà nìkan kò tíì tán ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹgbẹ́ tó ṣa ọmọ náà ló ní ẹ̀tọ́ láti bá a ṣe àdéhùn, ẹgbẹ́ mìíràn kò gbọ́dọ̀ dá sí i. Ìdí nìyí tí mo fi so mú mọ́ ọn: ṣà mú.

Ẹ wá wo ohun tí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wa lè ṣe. Ìṣàmú ni ìpàdé náà, gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ ṣe jẹ́ iṣẹ́ tí adájọ́ ń ṣe. Aṣàmú ni ẹgbẹ́ tó mú. Àṣàmú ni ọmọ tí wọ́n mú, bí àkọsílẹ̀ ṣe jẹ́ ohun tí a kọ sílẹ̀. Láàárín aṣàmú àti àṣàmú, ohùn kan ṣoṣo ló dá wọn sí méjì, ohùn yẹn sì ló sọ ẹni tó ni ẹni. Àwọn kan lè sọ pé ìṣàmú fi ẹ̀gbẹ́ kan ìṣàmì. Fáwẹ̀lì tó gbẹ̀yìn á là wọ́n. Àwọn mìíràn á ní mú dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá mú ènìyàn. Bí ṣà bá ti wà níwájú rẹ̀, ọlọ́pàá ti jáde kúrò nínú rẹ̀.

Nǹkan tó wú mi lórí jù ló kù. Ògbufọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kọ “ipò kọkànlá”. Ipò ti ru ẹrù jù. Ipò ẹgbẹ́ wà lórí tábìlì líìgì, ipò agbáhọ́kì wà lórí pápá, bóyá ẹ̀yìn ló ń gbá ni tàbí iwájú, ipò ọlá sì tún wà. Tí mo bá kọ pé “ipò rẹ̀ ní ipa lórí góòlù rẹ̀”, èwo nínú wọn ni òǹkàwé yóò mú?

Yorùbá ní ìbéèrè kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún. Mẹ́ta di kẹta, mẹ́rin di kẹrin, mọ́kànlá di kọkànlá. Mélòó náà kò dúró lásán: ó di kelòó. Gbogbo wa là ń bèèrè pé ọjọ́ kelòó oṣù la wà. Gẹ̀ẹ́sì á yí ká títí kó tó lè bi irú ìbéèrè yìí. Bí ìkẹta bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, kí ló dé tí ìkelòó kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ? Ìkelòó àṣàmú ni iye tó ń sọ ìgbà tí wọ́n mú un. Ìkelòó tó kéré ló níyì.

Ìkelòó Iginla ni 11. Ní Edmonton, ìlú tí wọ́n bí i sí, ni ìṣàmú ọdún 1995 ti wáyé. Dallas Stars ló mú un, kí wọ́n tó fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún Calgary Flames ní ìparí ọdún náà. Góòlù 625 ló gbá wọlé kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn mẹ́wàá tí wọ́n mú ṣáájú rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó gbá tó o. Shane Doan, ìkeje, ló sún mọ́ ọn jù pẹ̀lú 402. Terry Ryan, ìkẹjọ, kò gbá ju eré mẹ́jọ lọ ní NHL, kò sì rí góòlù kan. Ẹ tún wo 1984. Mario Lemieux ni ìkínní, góòlù 690. Brett Hull, ìkẹtàdínlọ́gọ́fà, gbá 741. Luc Robitaille, ìkọkànléláàádọ́sàn-án, gbá 668. Ẹ gbọ́ bí àwọn ìkelòó wọ̀nyẹn ṣe ń dún! Síbẹ̀, irú Hull kò pọ̀. Bí a bá kó gbogbo ọdún pọ̀, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú ló ń gbá góòlù jù. Iye góòlù náà máa ń já wálẹ̀ kíákíá láàárín ìpele kìíní, lẹ́yìn náà ìyàtọ̀ á dín kù.

Àmì ayò tí àwọn ìwé ìròyìn ń lò fún góòlù, ẹ má mú un wọ inú họ́kì. Ẹni tó gbá góòlù wọlé gba àmì kan. Àwọn tó gbé pọ́ọ̀kì sílẹ̀ fún un, ó lè tó méjì, àwọn náà gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbésílẹ̀ ni mo pe tiwọn, nítorí “ó gbé e sílẹ̀ fún un” làwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń sọ tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́. Wayne Gretzky, ẹni tí kò tilẹ̀ gba ọ̀nà ìṣàmú wọ NHL, ní góòlù 894 àti àgbésílẹ̀ 1,963. Àmì rẹ̀ jẹ́ 2,857. Ta ló fẹ́ kọ àmì ayò síbẹ̀, kí òǹkàwé rò pé góòlù ni gbogbo rẹ̀?

Báwo wá ni ìkelòó àti góòlù ṣe jẹ́ síra wọn? Ìbáṣepọ̀ kọ́: ènìyàn ló ń bá ènìyàn ṣe pọ̀. Ìbátan kọ́: wọn kì í ṣe ẹbí. Ìbárìn ni mo fẹ́, láti inú bá rìn: ohun méjì ń rìn pọ̀, a kò sì tíì sọ pé ọ̀kan ló ń fa èkejì. Tí a bá fẹ́ sọ ìyẹn, okùnfà ti wà nílẹ̀, okùn tó ń fa nǹkan wá. Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ mú, àǹfààní àti sùúrù tí wọ́n ń fún un ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí náà okùnfà díẹ̀ wà nínú ìbárìn yìí.

Ẹ̀yin olóòtú ìwé ìròyìn àti ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn eré ìdárayá lórí rédíò, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìwé àkọ́kọ sílẹ̀. Nígbà tí ìṣàmú bá tún dé, ẹ bèèrè ìkelòó àṣàmú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi Yorùbá dáhùn. Ní 2024, ẹgbẹ́ Utah ṣa Tij, ọmọ Jarome Iginla, mú; ìkẹfà ni.