Ìtàn Eruku Sánmà àti Ìmọ́lẹ̀ Àwọn Ìràwọ̀ Tó Bú Gbàmù

Nígbà ọyẹ́, tí eruku Bodélé láti orílẹ̀-èdè Chad bá dé Èkìtì, àpáta Ọlọ́sunta ní Ìkẹ́rẹ́ a di òjìji, oòrùn ọ̀sán gangan a sì ṣá, bẹ́ẹ̀ kò sì jìnnà sí wa ju ti àná lọ. Irú ẹ̀tàn yìí náà ló wà láàárín àwọn ìràwọ̀. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ fọ́n káàkiri, òmíràn sì ń tako èkejì, ìdí nìyí tí mo fi ṣà wọ́n jọ.

Ìràwọ̀ tó bú tí onímọ̀ sánmà Tycho Brahe rí ní 1572, àti èyí tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Kepler rí ní 1604, hàn kedere. Ṣùgbọ́n òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀: ìmọ́lẹ̀ Cassiopeia A, ìràwọ̀ mìíràn tó bú, dé ayé ní nǹkan bí 1680, kò sì sẹ́ni tó kígbe rẹ̀, eruku ni ọ̀pọ̀ sì dá lẹ́bi. Àwọn kan ní onímọ̀ sánmà Flamsteed rí i. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé eruku wà láàárín àwọn ìràwọ̀? Èyí ló yẹ ká fara balẹ̀ yẹ̀ wò. Ní 1847, onímọ̀ sánmà Struve rí i pé iye ìràwọ̀ tó ń rí ń dín kù bó ṣe ń wo ọ̀nà jíjìn, ó sì ní ohun kan ń jẹ ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ní 1930, onímọ̀ sánmà Trumpler, ní ibùdó ìwòràwọ̀ Lick ní California, fi ìmọ́lẹ̀ àwọn agbo ìràwọ̀ wọn bí wọ́n ti jìnnà tó, ó sì rí i pé bí agbo kan bá ṣe jìnnà tó ló ṣe ń dà bí ẹni pé ó tóbi tó, ohun tí kò bọ́gbọ́n mu àfi bí eruku bá wà lójú ọ̀nà; ó tún rí i pé ìmọ́lẹ̀ wọn ń pọ́n, nítorí eruku tín-ín-tín a máa dí àwọ̀ aró ju pupa lọ. Lójú tèmi, ìyìn ìfura tọ́ sí Struve, ìyìn ẹ̀rí tọ́ sí Trumpler.

Pípọ́n yìí ni wọ́n wá fi ń ṣírò ohun tí eruku jí lára àwọn ìràwọ̀ tó bú, pàápàá irú Ia, tí ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tó fi jẹ́ pé èyí tó bá ṣókùnkùn ni wọ́n ń pè ní èyí tó jìnnà. Nígbà tí ẹgbẹ́ onímọ̀ sánmà méjì kéde ní 1998 pé àwọn tó wà lọ́nà jíjìn ṣókùnkùn ju bó ti yẹ lọ, pé àgbáálá ayé ń yára fẹ̀ sí i, onímọ̀ kan, Anthony Aguirre, béèrè ní 1999 pé, bí ó bá jẹ́ eruku tó ń dí gbogbo àwọ̀ lọ́gbọọgba ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni eruku ọyẹ́, tí wọ́n ń wọ̀n ní Ìlọrin láti 1998, ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, torí pé hóró rẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n ní 2001, wọ́n yẹ ìràwọ̀ tó bú kan, SN 1997ff, wò, tó jìnnà ju àwọn ti ìṣáájú lọ: bí eruku bá ni, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ì bá túbọ̀ ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ó mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹjọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Àwọn ìràwọ̀ tó bú fúnra wọn náà a máa dá eruku: ní 2011, awò òfuurufú Herschel rí eruku tuntun tó tó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n oòrùn nínú ìyókù ìràwọ̀ tó bú tí wọ́n ń pè ní SN 1987A. Eruku kò sì rí bákan náà níbi gbogbo: ní 2014, èyí tó bo ìràwọ̀ mìíràn tó bú, SN 2014J, kò bá òṣùwọ̀n eruku agbo ìràwọ̀ tiwa mu. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ bí ìràwọ̀ kan ti jìnnà tó, kó wọ̀n ọ́n ní àwọ̀ tó ju ẹyọ kan lọ, kó tó lanu.